Lẹ́tà Tí Bàbá Mi Gé Wẹ́wẹ́

4.
…àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú ìdìpọ̀ D nígbà tí C kò tíì parí. Ìwé wọ́n. Ẹ̀yìn ìwé tí a ti kọ ni kí a máa lò.
— Òfin ilé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè. Josiah Garside, olóòtú.

5.
Bàbá mi nìyẹn. Ìwé yòówù tó bá wọlé wa, sísọ́ọ̀sì ló ń fi gé e ní pélébé pélébé. Ọ̀rọ̀ kan la ó kọ sí ojú òfìfo pélébé kan. A ó dì wọ́n ránṣẹ́ sáwọn olùrànlọ́wọ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn á sì dá wọn padà nígbà tí álífábẹ́ẹ̀tì bá kàn wọ́n. Ó lè tó ogún ọdún.

6. (1892)
CURFEW. Láti èdè Faransé àtijọ́: "bo iná." Agogo á dún, oníkálukú á bo iná ààrò rẹ̀ kí ilé má baà jó. Lónìí, kónílé-ó-gbélé.

Ẹ̀yìn rẹ̀, ìkọ̀wé Edmund Tull, ẹni tó ń tún agogo ṣe ní òdìkejì òpópó:
"1884. Millicent ọ̀wọ́n, ẹnu mi kò gbà á láti sọ ọ́ lójú rẹ, ni mo ṣe"

7.
Èmi ni Millicent. N kò rí lẹ́tà kankan gbà.

8.
Ohun tí mo ṣe:
Mo jókòó.
Mo bi bàbá mi. Ó ní, "Lẹ́tà wo?" Ó ń gé òmíràn lọ́wọ́.

Bóyá ó kà á. Bóyá kò kà á. Lọ́jọ́ míì, inú máa ń bí mi sí i débi pé n kì í lè jẹun, bẹ́ẹ̀ ó ti kú tipẹ́.

9. (1901)
KERCHIEF. Láti Faransé àtijọ́: "bo orí." Aṣọ ìborí.

Ẹ̀yìn:
"kọ ìwé yìí. Mo ti rí iṣẹ́ ní Kánádà. Ọkọ̀ ń lọ ní May. Ṣé wàá fẹ́ mi, ká jọ lọ? Tó ò bá fẹ́, má wulẹ̀ fèsì. Mi ò ní"

10. (1907)
NICE. Láti Faransé àtijọ́: òmùgọ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó pẹ́ kó tó wá di ohun tó dára.

Ẹ̀yìn:
"yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láyé. Àmọ́ láìsí ìwọ, mi ò lọ. Jọ̀wọ́, mọ̀ dájú pé"

11.
Edmund kò lọ. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń wá yí kọ́kọ́rọ́ agogo ọ́fíìsì wa. Kò gbé ìyàwó.

12. (1923. Èmi àti Harriet Pym, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi.)
HARRIET: Ìgbà wo lo ti ka ibi tó ti ní kó o fẹ́ òun?
ÈMI: 1901.
HARRIET: Kí lo wá ń dúró dè?
ÈMI: Ó ku pélébé kan. Inú W ló máa wà, òun nìkan ló kù tí a kò tíì tú. A kì í túmọ̀ ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ ò pé.
HARRIET: Millicent! Ọkùnrin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀! Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́, àmọ́ tìẹ ti di bàbá àgbà.

13.
ÌKÉDE. Mo ti dàgbà. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni màá tọ́jú agogo kẹ́yìn. Mò ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní York. — E. Tull

14.
Láti ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ wa ní Devon:
"Ẹ dákun, ẹ má bínú. Eku ti jẹ ìdìpọ̀ W láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àárín."

15.
Mo tú ìyókù W, ìkọ̀wé Edmund kò sí níbẹ̀. Mo sunkún títí Harriet fi lọ po tíì.

16. (Ọjọ́ Ẹtì.)
TULL (lórí àkàbà): Ẹ káàárọ̀, Mísì Garside. Òjò máa rọ̀.
ÈMI: Mo gbà láti fẹ́ yín.
TULL: Dídákẹ́ yín ti fèsì, Mísì. Ó di ọdún mọ́kàndínlógójì.
ÈMI: Mi ò fèsì. Lẹ́tà ò dọ́wọ́ mi. Bàbá mi ló gé e.
TULL: Ó gé e?
(Mo na pélébé mẹ́ta sí i. Ó wọ awò ojú. Ó kà wọ́n, ojú àti ẹ̀yìn.)
TULL: Ó ku ibì kan.
ÈMI: Eku ti jẹ ẹ́. Kí lẹ kọ síbẹ̀?

17.
WAIT. (Mo tún un kọ, nítorí eku.) Láti Faransé àtijọ́: kí olùṣọ́ máa wo ọ̀nà. Lẹ́yìn náà: kí èèyàn dúró de ẹnìkan.

Ẹ̀rí: "Ó ṣì wà lórí àkàbà. Mò ń wò ó, mo sì ń dúró de èsì rẹ̀." — M. Garside, 1923.