Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Òwú

Ohun tó ń bí Salome nínú jù láyé yìí ni kí ènìyàn ya fọ́tò tán kí wọ́n wá fi abẹ gé èjìká ẹnìkan dànù kí àwòrán lè wọ férémù. Kámẹ́rà onífíìmù ńlá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, tí wọ́n sì ń wo gíláàsì orí rẹ̀ láti òkè, igun mẹ́rin ọgbọọgba ni àwòrán rẹ̀. Férémù tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìkirè ní tiwọn, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ga. Ìdí nìyí tí Salome fi gé ọ̀rá tó ń dán, irú èyí tí wọ́n fi ń di ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, kó bá gíláàsì náà mu, tó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú dúdú tí wọ́n fi ń di irun mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó wá tẹ́ ẹ lé orí gíláàsì. Ẹni tó bá wà láàárín òwú yóò wọ férémù. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn òwú, abẹ ló ni ín.

Lẹ́yìn Iléyá, Alhaji Àbídì, àgbẹ̀ kòkó kan ní Àpòmù, ránṣẹ́ pè é. Ara bàbá náà ò yá mọ́, ó sì fẹ́ kí òun àti àwọn ọmọ òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya àwòrán tí wọ́n máa gbé kọ́ sí pálọ̀. Ohun kékeré kọ́ nìyẹn. Bí bàbá bá kú, tí ìjà ogún bá dé, fọ́tò ara ògiri ni wọ́n máa ń nàka sí: "Ẹ wò ó, ọmọ ilé ni!"

Nígbà tí Salome débẹ̀, Mọ́nsúrù, àkọ́bí Alhaji, yọjú wo inú gíláàsì, ó béèrè iṣẹ́ tí òwú ń ṣe. Salome fi tayọ̀tayọ̀ ṣàlàyé fún un. Lọkùnrin náà bá fà á lọ sẹ́yìn ilé.

"Ṣé o rí Fáìzàh yẹn? Gbọ̀ngán ni ìyá ẹ̀ bí i sí. Kì í ṣe ara wa. Lẹ́yìn òwú ni kó o fi sí. Kò ní mọ̀, Bàbá náà ò ní mọ̀."

Inú bí Salome, ó bí i dé góńgó. Òwú tí òun fọwọ́ ara òun lẹ̀ kí wọ́n má baà gé ọmọ ọlọ́mọ dànù, òun náà ni alákọrí yìí fẹ́ fi gé àbúrò rẹ̀! Ẹni tó kírun Iléyá láìpẹ́ yìí!

"Bọ̀dá, ẹ má bá mi sọ irú ẹ̀ mọ́. Gbogbo yín lẹ máa wà láàárín."

Ó to wọn: Bàbá lórí àga, Ikhlas, Soliat àti Fáìzàh lẹ́yìn wọn. Mọ́nsúrù takété sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bọ̀dá, ẹ sún mọ́ Fáìzàh. Ẹ ṣì wà lẹ́yìn òwú o."

"Mi ò ní fara kan ọmọ ìta! Ya fọ́tò ẹ! Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí mo ṣe máa dúró nílé bàbá mi?"

Fáìzàh sorí kọ́. Bàbá yíjú wo Mọ́nsúrù.

"Fáìzàh, gbójú sókè," ni Salome wí.  Ó sì tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tí férémù dé Àpòmù, Mọ́nsúrù gun ọ̀kadà, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù Salome ní Ìkirè. Etí agbádá rẹ̀ nìkan ló kù nínú àwòrán.

"Èmi àkọ́bí lo gé dànù!"

"Ẹ̀yin lẹ gé ara yín. Ṣé mi ò sọ fún yín ni?" Salome na fíìmù sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Mọ́nsúrù rèé lódindi, àlàfo tó gba ẹnìkan sì wà láàárín òun àti Fáìzàh. "Mo lè tẹ òmíràn tí ẹ máa wà níbẹ̀, kí ẹ wá férémù tó fẹ̀. Àmọ́ Bàbá ló gbéṣẹ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Mọ́nsúrù pe Bàbá, ó sì tú ohùn fóònù síta, kí Salome lè gbọ́ èébú tó ń bọ̀ wá bá a. Ó rojọ́ títí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mọ́nsúrù," Bàbá dáhùn, "Fáìzàh wà níbẹ̀, àbí?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n èmi..."

"Mo gbọ́ ohun tó o sọ lọ́jọ́ náà. Etí mi ò tíì di. Àwọn ọmọ mi pé síbẹ̀."