Ẹyẹ Tí Mùsílíù Rí ní Peckham Rye

Láti ìgbà tí Látífàt ìyàwó rẹ̀ ti kú ni Mùsílíù ti máa ń lọ jókòó ní páàkì Peckham Rye láràárọ̀, òtútù ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀. Ìjókòó ilé ti sú u. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January, ó rí ẹyẹ kan lórí igi, tó ń ṣa èso pupa wẹẹrẹ jẹ. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ara rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, iyẹ́ orí rẹ̀ yọ ṣóńṣó sókè, ẹnu ìrù rẹ̀ sì dà bí ẹni pé wọ́n tì í bọ àtalẹ̀ pupa. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Mùsílíù láìrò tẹ́lẹ̀.

Òyìnbó kan ń kọjá lọ pẹ̀lú awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lọ́rùn. Mùsílíù juwọ́ sí i.

"Ọ̀rẹ́ mi, wá wo nǹkan!"

Òyìnbó náà wòkè, ó sì lanu sílẹ̀. Ó ní Gilbert lorúkọ òun, ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń wá irú ẹyẹ yìí kiri Lọ́ńdọ̀nù. Ó dì mọ́ Mùsílíù bí ọmọ ìyá. Mùsílíù bu tíì fún un nínú fíláàsì, wọ́n jọ jókòó, ó sì sọ ti Látífàt fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Mùsílíù wọ kóòtù tó máa ń wọ lọ kírun Jímọ̀. Èrò ti kún ìdí igi náà, kámẹ́rà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Sir, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé ẹyẹ yẹn lọ."

"Èmi ni mo rí i. Ẹ bi Gilbert."

Gilbert wà níwájú, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ń kí i kú oríire. Ojú òun àti Mùsílíù ṣe mẹ́rin. Ó gbójú kúrò, ó ń tún kámẹ́rà rẹ̀ ṣe.

Nírọ̀lẹ́, Bàrákàt ọmọ Mùsílíù pè é láti Forest Hill.

"Daddy, ṣé ẹ ti gbọ́? Bird kan wà ní park yín o, it's so rare! Ọkùnrin kan, Gilbert, ló rí i."

"Bàrákàt, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Èmi ni mo fi hàn án."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Okay, Daddy. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

"Mo ti lò ó," ni Mùsílíù wí, ó sì pa fóònù.

Kò dé páàkì náà mọ́.