Láfún Lórí Pápá Bàálù

Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kò sí ìyá ìyàwó tó le tó Ìyá Àpèkẹ́ ní gbogbo Ẹ̀jìgbò. Nígbà tí Ajíbóyè wá tọrọ Mosúnmọ́lá, ọmọ rẹ̀, ohun tí ìyá kọ́kọ́ bi í ni pé, "Iṣẹ́ kí lò ń ṣe?" Ajíbóyè ní òun ń ṣọ́ pápá bàálù kékeré tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ là sójú ọ̀nà Ara. Ìyá wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Ṣé pápá a máa sá lọ ni?" Ó fún un lọ́mọ ṣá o, ṣùgbọ́n kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ láti ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni. Láràárọ̀ ni Ajíbóyè ń fẹsẹ̀ rin pápá náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tó ń ṣa òkúta, tó ń dí ihò òkété. Òun ló ń gé koríko. Òun ló ń rọ iyanrìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa nítorí ọ̀ràn iná, òun náà ló ń wọn èrò àti ẹrù lórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó wọ bàálù. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni bàálù ń ti Ìbàdàn wá. Á já àpò lẹ́tà àti oògùn ọsibítù sílẹ̀, á gbé èrò méjì tàbí mẹ́ta, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ojú pápá yìí le, ó mọ́, oòrùn sì ń pa á dáadáa. Ibo lẹ rò pé Ìyá Àpèkẹ́ á máa sá láfún rẹ̀ sí? Àwọn obìnrin yòókù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ajíbóyè lé wọn tí wọ́n fi lọ. Ìyá ìyàwó ńkọ́, ta ni yóò lé e? Bí Ajíbóyè bá ti rí i, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní "Ẹ kú oòrùn, mà," á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá náà gbọ́n, kì í sá a ní Ọjọ́bọ̀. Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ fún ọdún mẹ́ta, títí di Ọjọ́rú kan lọ́dún 1963.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wáyà dé: ọ̀gá kan, Ọ̀gbẹ́ni Olújídé, ń fi bàálù bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an láti wá wo pápá. Àwọn kan ti ń sọ ní Ìbàdàn pé kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀, pé kí wọ́n kúkú tì í pa. Bí wọ́n bá ti pápá, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ọmọ méjì sì wà nílé. Eré ni Ajíbóyè sá dé pápá. Háà! Láfún ti funfun lọ rẹrẹẹrẹ lójú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí, Ìyá Àpèkẹ́ sì jókòó sáàárín, ó ń fọwọ́ yí i.

Kí ni ọkùnrin ì bá ṣe? Kó pariwo mọ́ àna? Èèwọ̀! Ajíbóyè ṣí fìlà, ó nà gbalaja sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó láfún yìí. Ọ̀gá mi ń bọ̀ lónìí."

"Òní kì í ṣe Ọjọ́bọ̀."

"Mo mọ̀, mà. Wáyà ló dé."

"Láfún tí kò gbẹ, béèyàn bá kó o jọ, ṣe ni yóò bu, tí yóò máa rùn. Ìrọ̀lẹ́ ni n ó kó o. Dìde, o ń fi aṣọ gbálẹ̀."

Ajíbóyè kò dìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá ń bẹ àna kì í dìde títí wọ́n á fi gbà fún un. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ìyá ń yí láfún, bẹ́ẹ̀ ni bàálù dún lókè.

Apá Ìwó ló ti yọ, ó ń rẹlẹ̀ bọ̀. Ó kù díẹ̀ kó balẹ̀ ni òyìnbó tó ń wà á rí ọkùnrin kan tó nà sílẹ̀, nǹkan funfun yí i ká bí aṣọ òkú, obìnrin kan sì jókòó tì í. Ló bá fa orí bàálù sókè, ó gba orí wọn kọjá. Atẹ́gùn ká gèlè Ìyá Àpèkẹ́ lọ, ó sì kó ìdajì láfún tẹ̀lé e.

"Yéè! Mo gbé o!" Ìgbà yẹn ló tó dìde. Òun àti ọkọ ọmọ rẹ̀ wá ń fọwọ́ gbá láfún, wọ́n ń fi ìró kó o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàálù yí po kí ojú ọ̀nà tó mọ́, kí ó tó balẹ̀.

Òyìnbó ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, àpótí oògùn lọ́wọ́, ó ń wá òkú kiri. Ọ̀gbẹ́ni Olújídé tẹ̀lé e, ó fajú ro.

"Ṣé ìwọ lo nà sílẹ̀ yẹn? Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Àna mi ni mò ń bẹ̀, sà."

"Lójú ọ̀nà bàálù! Wọ́n sọ fún wa n'Ìbàdàn, mo ní irọ́ ni. Mo ti fojú ara mi rí i wàyí. Wọn á ti pápá yìí pa." Ó fa bíírò yọ.

Ojú Ìyá Àpèkẹ́ wálẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, tòun ti orí ewú, láfún ní eékún méjèèjì. "Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Ó bẹ̀ mí, n kò gbọ́. Má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Iṣẹ́! Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó wọ Ajíbóyè lára. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lápò, ó nà án sí ọ̀gá.

"Ẹ kọ ọ́, sà. Kọ́kọ́rọ́ yín rèé. Ìyá wa ò ní kúnlẹ̀ nítorí tèmi. Ìyá, ẹ dìde."

Ọ̀gá kò gba kọ́kọ́rọ́. Ojú tì í, ó yára fa ìyá dìde. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rin pápá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, Ajíbóyè ń tẹ̀lé e. Kò rí òkúta, kò rí ihò. Koríko lọ sílẹ̀ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, iyanrìn kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, òṣùwọ̀n kò sì dípẹtà.

"Ìwọ tó o tọ́jú pápá tó báyìí, kí ló dé tó ò kàn lé màmá yẹn?"

"Ṣé ẹ̀yin lè lé ìyá ìyàwó yín, sà?"

Ọ̀gá wúkọ́. Òyìnbó bi í pé kí ni wọ́n sọ, kò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó kọ̀wé títí, ó wá ní: "Pápá dára. N ó fi agogo kan ránṣẹ́ sí ọ. Tó o bá ti lù ú, kí gbogbo èèyàn kúrò lọ́nà. Agogo kò ní àna."

Agogo bá àpò lẹ́tà dé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Ajíbóyè gbé e jáde, ó bá Ìyá Àpèkẹ́ lórí pápá. Kò sí láfún kankan. Pàṣán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lé ewúrẹ́.

"Gbé e fún mi," ni ìyá wí. Ó gba agogo, ó lù ú títí tí àwọn tó ń lọ sí Ara fi dúró wò ó. "Ẹ kúrò lọ́nà o! Bàálù ọkọ ọmọ mi ń bọ̀!"

Inú Ajíbóyè dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti dúpẹ́.

"Dìde kíá!" Ìyá ń wo òkè. "Wọ́n á tún ní o ti kú! Dìde, lọ ṣe iṣẹ́ rẹ."