Ta Ni Yóò Dín Mọ́sà Yìgì Mùsílímátù?

"Ta ló rẹ àgbàdo tó pọ̀ tó báyìí?"

Mùsílímátù kò tí ì kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀ Àtàlátà yẹn tó fi bi ìbéèrè náà. Omi àlùwàlá ló wá bù lẹ́yìnkùlé, ló bá bá ìkòkò ńlá mẹ́rin nílẹ̀, àgbàdo kún wọn dẹ́nu, omi sì bò ó mọ́lẹ̀. Yìgì rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sán Jímọ̀ ni àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ yóò tukọ̀ láti Ìkòròdú wá gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́.

"Bàbá Mùnírátù ni," Kúlúsúmù ìyá rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, kò sì wo ojú ọmọ rẹ̀. "Wọ́n ti ṣèlérí mọ́sà fún àwọn àna wa. Igba ènìyàn ni wọ́n ní àwọn ń kó bọ̀."

"Ta ni yóò wá dín mọ́sà igba ènìyàn?"

Ìyá rẹ̀ yíjú sí àwọn ìkòkò náà. Mùsílímátù wo àgbàdo, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì yé e. Òun ìyàwó ni wọ́n fẹ́ kó dín mọ́sà ìyàwó.

Ẹni tó bá gbé Ẹ̀pẹ́ nígbà náà mọ̀ pé mọ́sà Mùsílímátù kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́sà ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àwọn òyìnbó fi àgbá fọ́ Èkó, tí bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé ọba rẹ̀ gba ojú ọ̀sà sá wá síbí pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ẹní méjì. Ọdún kejì ni bàbá náà kú. Bísíríyù, àbúrò bàbá náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mùnírátù, di olórí ilé, ṣùgbọ́n agbada mọ́sà ló ń bọ́ ilé náà. Kúlúsúmù kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́ kó má kúnná jù, bí wọ́n ṣe ń dé e mọ́lẹ̀ kó lè wú mọ́jú. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ogún ọdún, ọmọ ti mọ̀ ọ́n ju ìyá lọ. Àwọn tó bá ọ̀sà wá láti Èkó ń rà á, àwọn onílẹ̀ tó ń pè wọ́n ní àtìpó náà ń rà á. Ẹni bá fẹ́ ṣe sàráà, ẹnu ọ̀nà Mùsílímátù ni yóò kọ́kọ́ yà.

Kì í kùn. Ṣùgbọ́n yìgì ní ètò tirẹ̀. Tó bá ku ọjọ́ méjì, wọ́n á lé làálì fún ìyàwó: wọ́n á gún ewé náà, wọ́n á fi bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó lè pọ́n, wọ́n á fi ewé eéran àti aṣọ dì í. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyàwó kò ní fọwọ́ kan omi, kò ní fọwọ́ kan iná. Oúnjẹ gan-an, wọ́n ń fi sí i lẹ́nu ni. Gbogbo ìgbà tó kù láyé rẹ̀ ni yóò fi ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta yẹn nìkan ló ní. Mùnírátù, ọmọ Bísíríyù, ọjọ́ méje gbáko ló fi jókòó lọ́dún tó kọjá. Ta sì ni èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú níbi mọ́sà Mùnírátù? Mùsílímátù yìí kan náà ni.

Nígbà tí Bísíríyù ti mọ́sáláṣí dé, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ kú òwúrọ̀, Bàbá. Mo rí àgbàdo lẹ́yìnkùlé."

"O rí i? Àgbàdo tuntun ni, kò ní kòkòrò kankan. Lọ́jọ́ Àlàmísì kí ẹ lọ̀ ọ́. Tí a bá ti kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ Jímọ̀, kí o gbé agbada kaná."

"Bàbá, èmi ni ìyàwó."

"Ta ló ní ìwọ kọ́? Ṣé ìyàwó kì í dáná ni?"

"Làálì mi ńkọ́? Ọ̀la ni Ìyá Rọ̀kíbátù ń bọ̀ wá lé e."

"Làálì!" Bísíríyù rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé ń bẹ̀ pé kó ra nǹkan ìṣeré fún òun. "Tí o bá dín mọ́sà tán, kó fi ra ìka rẹ díẹ̀díẹ̀. Ta ló fẹ́ máa yẹ ọwọ́ rẹ wò?"

"Ọjọ́ méje ni Mùnírátù fi jókòó."

"Mùnírátù mọ mọ́sà dín? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ là ń bẹ̀ níṣẹ́."

"Ẹ ò bẹ̀ mí, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó dun Bísíríyù. Ó gbọn etí agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Mo ti ṣèlérí fún àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Ẹyin lohùn. Bí ìwọ bá fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní aláìní lórí ilẹ̀ àjèjì, ọwọ́ rẹ ló kù sí o."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wo ọkùnrin! Ó fi ọwọ́ ẹlòmíràn ṣèlérí, ó tún wá fi ìtìjú gbogbo ẹbí di ẹrù lé ọwọ́ náà lórí.

Ní gbogbo ọjọ́ náà, Kúlúsúmù ń bẹ ọmọ rẹ̀. "Ṣe é kó tán. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni. Ta ni yóò bá wa dín in, ṣé ìyá Mùnírátù? O mọ̀ pé tirẹ̀ lè fọ́ eyín."

Ibi tó ń dun Mùsílímátù gan-an nìyẹn. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Tí mọ́sà yìgì bá le bí òkúta, kò sẹ́ni tó máa wí pé ìyá Mùnírátù ló dín in, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ẹ wá wo mọ́sà tí wọ́n jẹ níbi yìgì onímọ́sà." Orúkọ tó fi ọdún mẹ́jọ kọ́ yóò bàjẹ́ lójú igba ènìyàn. Láàárọ̀ Àlàrùba, ó ti ọwọ́ bọ ìkòkò, ó fi èékánná tẹ ẹyọ àgbàdo kan. Ó ti ń rọ̀, ó dára. Ọwọ́ ń yún un. Ká ní ẹnì kan ti bẹ̀ ẹ́ ni, ì bá ti lọ wá igi ìdáná. Ó tilẹ̀ ti ń rò ó lọ́kàn pé kí òun ṣe é, kí òun gbé ìbínú mì.

Ìyá Rọ̀kíbátù ti dé nígbà náà, arúgbó tó ń lé làálì fún gbogbo ìyàwó àdúgbò. Ó ti gún ewé rẹ̀, ó ti pò ó sínú igbá.

"Ẹ dúró ná, Mama," ni Mùsílímátù wí fún un. "Mi ò tí ì mọ èyí tí n ó ṣe."

"Dúró fún kí ni? Làálì kì í dúró, ó ń gbẹ," ni arúgbó náà wí, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Ni Lùkúmàn, ọkọ ìyàwó, bá wọlé. Kò yẹ kí ọkọ tún fojú kan ìyàwó mọ́ títí di ọjọ́ yìgì, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló rán an láti Ìkòròdú, ó sì ru nǹkan kan sórí. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ilẹ̀ dún. Agbada irin ni, tuntun, ó fẹ̀ tó pé ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ìyá mi ní kí n gbé e wá fún ọ," ni Lùkúmàn wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ọwọ́ àwọn oníṣòwò Èkó la ti rà á. Òun ni kí o fi dín ti Jímọ̀, kó lè mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilé yín ni mò ń bọ̀. Kí ló dé tí wọn ò fi sílẹ̀ dè mí níbẹ̀?"

"Ó máa tẹ̀ lé ọ padà. A ti mọ àrò mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ lọ́jà. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ pé onímọ́sà òun ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Àwọn tí wọ́n fẹ́ máa rà á lọ́wọ́ rẹ ló pọ̀ jù nínú igba ènìyàn yẹn. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ wá tọ́ ọ wò."

Ìyá Rọ̀kíbátù gbé ojú sókè láti inú igbá rẹ̀.

"Onímọ́sà wọn," ni Mùsílímátù wí. "Wọn ò pè mí ní ìyàwó ọmọ wọn?"

"Ìyẹn náà ni. Wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ ni."

"Ta ló bi mí bóyá mo fẹ́ máa dín mọ́sà ní Ìkòròdú?"

Lùkúmàn fọwọ́ ra imú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà. Ó ti tukọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà mẹ́fà nítorí rẹ̀. "Mo rò pé inú rẹ á dùn. Iṣẹ́ rẹ kọ́ ni?"

"Iṣẹ́ mi ni." Ó yíjú kúrò lára agbada náà. "Tèmi ni, mo fi kékeré kọ́ ọ, mo fi í bọ́ ilé bàbá mi. Èmi ni n ó sì sọ ibi tí n ó ti ṣe é àti ọjọ́ tí n ó ṣe é. Nígbà tí ìyá yín ń po amọ̀ àrò, kí lẹ̀yin wí?"

Lùkúmàn fọwọ́ kan etí agbada náà.

"Ẹ gbé agbada yìí padà. Tí ẹ bá ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ máa bọ̀, mo ń retí yín. Ṣùgbọ́n ìyàwó ni kí ẹ wá fẹ́. Tí ẹ bá ń wá ẹni tó máa dáná, ẹ lọ gbà á síṣẹ́ lọ́jà."

Ó jókòó síwájú arúgbó, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ lé e, Mama. Ẹ lé e dé ìgbọ̀nwọ́."

Lùkúmàn dúró títí ìyá àgbà fi di ọwọ́ ọ̀tún tán tó bọ́ sí tòsì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé agbada padà sórí. "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀," ó wí. "N ó kọ́kọ́ lọ bá ìyá mi sọ̀rọ̀." Ó jáde lọ sí etí ọ̀sà, ọrùn rẹ̀ sì wọ̀ díẹ̀ lábẹ́ irin náà.

Kò pẹ́ tí Bísíríyù fi gbọ́. Ó wọlé bí ìjì. "Tú u! Ìyá àgbà, ẹ tú nǹkan yẹn lọ́wọ́ rẹ̀! Ta lẹ fẹ́ kó dín mọ́sà?"

"Bàbá, tótó, ó ṣe bí òwe o," ni Mùsílímátù wí láti orí ẹní. "Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí mọ́sà."

"Èmi lò ń pòwe fún? Kúlúsúmù! Wá gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ń sọ sí mi! Wá tú u fúnra rẹ!"

Kúlúsúmù wọlé. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tí ì sẹ́ni tó gbọ́ kó dá Bísíríyù lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, ó di etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú. Mùsílímátù pa ojú dé, ó rò pé ó ti parí. Ìyá rẹ̀ fa aṣọ náà, ó fún un le, ó sì ta á ní kókó kejì.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú," ó wí lórí ìkúnlẹ̀, kò gbé ohùn sókè. "Ọdún mẹ́jọ lọmọ yìí ti ń bọ́ ilé yìí, ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀. Kò síbi tí Àáfà ti kà á fún wa pé láìsí mọ́sà, yìgì kò ní so. Tí ẹ bá fẹ́ kó wà, àwọn ìyàwó yín ní ọwọ́."

Bísíríyù tún gbọn etí agbádá rẹ̀ sí èjìká. Ó wo arúgbó bóyá yóò gbè é. Ìyá Rọ̀kíbátù ń nu igbá rẹ̀.

Ní ọ̀sán Àlàmísì, ìró ọlọ gba ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Mùnírátù àti orogún rẹ̀ ni wọ́n ń lọ àgbàdo, wọ́n ń kùn, wọ́n ń bú ẹni tí wọn ò dárúkọ. Mùsílímátù jókòó nínú yàrá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ewé lórí itan. Kò sí nǹkan tó ń ṣe, etí nìkan ló ń fi bá wọn lọ.

Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi sí i. Wọ́n tún dà á. Wọ́n tún dà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù.

"Mùsílímátù o!" Ohùn ìyá Mùnírátù ni. "Ṣé omi rẹ̀ kò tí ì tó?"

Ó ti gbé orúnkún kan nílẹ̀ kó tó mọ̀. Kúlúsúmù jókòó tì í pẹ̀lú àwo ẹ̀kọ àti ẹja yíyan. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ìyá mi, wọ́n ti bà á jẹ́," ni Mùsílímátù wí, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. "Kò ní wú mọ́. Gbogbo ènìyàn ni yóò sọ pé èmi ni."

"Jẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó bu ẹ̀kọ, ó yọ egungun kúrò lára ẹja, ó gbé e sún mọ́ ọn. "La ẹnu."

Mùsílímátù tún tẹ́tí sí ìró ọlọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó padà, ó sì la ẹnu.