Páàdì Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Àwọn ẹbí ò jẹ́ kí Ìyá Ṣèyí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, torí òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ. Mọ́tò tó pa á nìkan ló kù tó lè fojú rí. Bẹ́ẹ̀ ni màmá ṣe gbéra láti Ìlọrà lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Mùtàlíbù mẹkáníìkì ní Fìdítì. Olúṣínà tíṣà, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, ló gbé e wá nínú mọ́tò ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Mùtàlíbù rí wọn lókèèrè. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó tún un nù. Ìwé díẹ̀ ló kà, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá a lẹ́nu. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tún máa ń bà á lẹ́rù, torí èèyàn ò mọ èyí tó máa sọ tí á dun olúwarẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́."

"Àmín. Mùtàlíbù, ìwọ lo wọ́ mọ́tò Ṣèyí kúrò nídìí igi. Mo fẹ́ kó o bá mi tú u wò. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi mutí. Àwọn tó wá bá mi dárò gan-an, bí wọ́n bá ti dé ìta, ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn. Tó bá jẹ́ mọ́tò ló ṣe é, sọ fún mi. Tó bá jẹ́ òun náà ni, sọ."

"Màmá, mẹkáníìkì kì í ṣe wòlíì," Olúṣínà wí.

"Wòlíì náà ò mọ táyà tú. Jẹ́ kó tú u."

Mọ́tò náà wà lábẹ́ igi káṣú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò pupa ni, ó rẹlẹ̀, èèyàn méjì péré ló ń gbà, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Lọ́jọ́ tí Ṣèyí kọ́kọ́ gbé e wálé láti Ìbàdàn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá gbé ìyàwó, ṣé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ọmọ máa jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dí bíi ti mọ́tò yòókù. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi hun ún bíi ti kẹ̀kẹ́, èèyàn á máa ti àárín rẹ̀ rí irin bíréèkì nínú lọ́hùn-ún.

Igi odán kan lẹ́bàá Ìmíní ló lọ kọlù, lápá òsì ọ̀nà. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní ká máa wakọ̀ lápá ọ̀tún, apá òsì ti di tàwọn tó ń bọ̀. Kí ló gbé Ṣèyí débẹ̀ lójú ọ̀sán? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọtí ti wọ̀ ọ́.

Mùtàlíbù kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ òsì. Páàdì, ìyẹn èyí tó máa ń di irin mú tí mọ́tò fi ń dúró, ti jẹ tán pátápátá. Irin ló ń họ irin. Ó mi orí. Ó bọ́ sápá ọ̀tún, ó tú u. Páàdì ibẹ̀ nípọn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Ó dúró. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló yẹ kó jọ máa jẹ. Bóyá irin tó ń ti páàdì ló há? Ó fi sípánà tì í, irin náà lọ gẹẹrẹ. Bóyá ọ̀pá epo bíréèkì ló dí? Ó fẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn kọjá. Nígbà náà ló tó fọwọ́ ra ojú páàdì náà. Ó ń yọ̀, ó dú, ó ń dán. Ó gbé e sí imú.

Epo pupa ni. Epo pupa tó ti jóná.

Ó bẹjú wo inú wáyà ẹsẹ̀ náà. Epo ti gbẹ mọ́ ọn níbẹ̀, eruku ti bò ó. Bí ọ̀tún ò bá lè di irin mú, òsì nìkan ní ń gbẹ́rù. Tí èèyàn bá wá tẹ bíréèkì lójijì, òsì ni yóò wọ́ ọ lọ.

Mùtàlíbù ti páàdì náà bọ àpò. 

"Màmá, Ṣèyí ò mutí. Bíréèkì ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ò mú. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, mọ́tò fà á sósì."

Màmá jókòó lórí ògbólógbòó táyà kan. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò gbọ́hùn sókè. "Tíṣà, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà."

"Lọ́la, o máa sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí ló dé tí ò fi mú?" Olúṣínà bi mẹkáníìkì.

"Irin ni... irin máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn."

Màmá dìde, ó nu ojú, ó yọ ìgò kan nínú báàgì rẹ̀, ó lọ síwájú mọ́tò ìjàpá. Epo pupa ló wà nínú ìgò náà.

"Ẹ má bá mi wí. Mo mọ̀ pé ìyá ìjọ ni mí. Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi pé epo ló ń tu irin lójú. Kò sígbà tí Ṣèyí máa padà sí Ìbàdàn tí mi ò kọ́kọ́ yọ́ jáde lọ ta á sí mọ́tò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bóyá mi ò ta á tó ni. Ti Olúṣínà yìí, mo máa dà á dáadáa."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ mọ́tò náà.  Ẹsẹ̀ mọ́tò tíṣà dí, ó ṣeé ṣe kí epo má ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n Mùtàlíbù kò lè fi ìyẹn búra. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ìgò náà mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dà á sẹ́sẹ̀ mọ́tò. Ẹ... ẹ dà á sílẹ̀. Ilẹ̀ náà á gbà á."

Màmá wo ọwọ́ mẹkáníìkì náà tó dú. Ó wo àpò rẹ̀ tó wú. Ó wá yíjú sí mọ́tò pupa, sí ẹsẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ yẹn, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń wà lápá ẹnu ọ̀nà mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Ibẹ̀ ni mo máa ń dà á sí."

"Kí lẹ wí, Màmá?" Olúṣínà bi í.

  Mùtàlíbù rọra gba ìgò náà lọ́wọ́ màmá, ó dé e.

"Olúṣínà, lọ́la," màmá wí, "má sọ nǹkan tó ṣe mọ́tò. Sọ pé kò mutí. Ìyẹn náà tó."

Ó wọ mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Mùtàlíbù dúró lójú títì, ìgò epo lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, tíṣà tẹ bíréèkì. Mọ́tò náà dúró ṣánṣán. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.