Ẹsẹ̀ Ṣòkòtò Bàbá

Ooru kan wà tí í mú èèyàn lọ́sàn-án, tí ẹ̀rọ ìránṣọ fúnra rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tòògbé. Irú rẹ̀ ló mú obìnrin aránṣọ náà. Ìmọ́lẹ̀ ń rọra mì lára kọ́tìnnì, òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé orí lé aṣọ tó ń rán, oorun sì gbé e lọ.

Bàbá rẹ̀ ló wọlé, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó sì ti kú tipẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún nílẹ̀ rárá. Ó mú ṣòkòtò kan lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, bá mi tú ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ó ń fún mi lẹ́sẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀ ń rù, ìbàdí yín ń joro. Kí ló dé tó jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ló ń sanra?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ooru ni."

Bí wọ́n ṣe máa ń wí nílé wọn nìyẹn. Orí ń fọ́ Bàbá, ooru ni. Òòyì kọ́ ọ, ooru ni, ìyá wọn á sì ṣí fèrèsé. Nígbà tí Bàbá ṣubú tí kò dìde mọ́, wọ́n ní ooru ọdún yẹn ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá dárúkọ àìsàn nínú ilé yẹn, àfi bí ẹni pé ó ṣépè.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí dókítà tó ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà obìnrin aránṣọ náà bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí wọn, gbangba ló dáhùn pé kò sí. Dókítà ṣàlàyé pé bó bá wà, ìtọ̀ ṣúgà lè tètè ba kíndìnrín jẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ á sì máa wú. Ó fún un ní ìgò kékeré kan pé kó tọ̀ sí i, kí wọ́n fi yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò. Obìnrin wa délé, ó rí i pé ìdérí ìgò náà le dáadáa, ló bá kó bọ́tìnnì sí i. Ó kúkú gbọ́n. Ọgbọ́n náà ló kù díẹ̀ kó pa á.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká. Ó lajú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀, ló dúró tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oorun o. Ẹ̀ ń hanrun ju ọkọ̀ mi lọ." Ó na ṣòkòtò kan sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ó ń fún mi lẹ́sẹ̀."

Fún ìgbà díẹ̀ kò mọ̀ bóyá òun ti jí.

"Ìbàdí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti ń ṣò. Ooru yìí ti pọ̀ jù ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀. Ibi tó tẹ̀ jìn wọnú, kò sì tètè padà sípò. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú dókítà, kò tilẹ̀ jókòó.

"Dókítà, ẹ má bínú. Ooru kọ́ ló pa bàbá wa. Ẹ bá wa wá ìgò méjì."