Orúkọ Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Sáfà

Ṣùgbọ́n mo fún ara mi láyè. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Motọ́lání, Fákúnlé — orúkọ èmi àti ọ̀gá mi ló wà lábẹ́ àwọn tó lè wọlé. Kí ló wá dé tí sáfà yìí, kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ìwé ilé iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀, ń sọ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́? Èmi tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta?

Jẹ́ kí n tún un tẹ̀... Páswọ́ọ̀dù tọ̀nà. Ó mọ̀ pé èmi ni, síbẹ̀ ó ní kí n padà. Irú ìwọ̀sí wo nìyí?

Tírélà ọṣẹ mẹ́ta wà ní géètì. Láìsí ìwé ìjáde wọn ò lè kúrò ní Ìsọlọ̀, inú sáfà sì ni ìwé ìjáde wà. Ọ̀gá Fákúnlé ń bọ̀, wọ́n ti kọjá Òṣòdì. Bí wọ́n bá dé kí n tó wọlé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Tún un rò. Lánàá, ọ̀gá ní, "Èmi àti ìwọ nìkan, Motọ́lání. Àwọn tó kù, lock them out." Mo ṣí ìwé òfin tó ń darí gbogbo sáfà wa. Apá kìíní, àwọn tó lè wọlé: àwa méjì. Apá kejì, àwọn tí a kọ̀ fún...

Àǹtí Lateefah wà lẹ́yìn mi nígbà yẹn. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Àwọn ló gbé ọbẹ̀ wá fún mi ní Okota nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n ní, "Motọ́, rọra o. Apá tí a ti ń kọ̀ fún èèyàn yẹn, òun ló máa ń borí apá kìíní." Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí." Irọ́ ni. Inú mi kàn ń dùn pé mo fẹ́ tì wọ́n síta. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ inú mi dùn gan-an.

Kí ni mo tiẹ̀ kọ síbẹ̀? Mi ò to orúkọ, ọ̀lẹ ni mí — ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni mo fà sí i, ó parí. Gbogbo Òṣìṣẹ́. Àǹtí Lateefah wà nínú rẹ̀. Hassanat tó ń bójú tó géètì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ilé iṣẹ́ yìí bá ti gbà síṣẹ́ ló wà nínú... gbogbo ẹni tí...

Ta wá ni èmi?

Káàdì ọrùn mi yìí, òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ sí i. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀gá pàápàá wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn, mo sì rò pé èmi kì í ṣe ara wọn. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn...

Kọ̀ǹpútà Àǹtí Lateefah nìkan ló kù tí a ti lè tún ìwé òfin náà ṣe láì wọ inú sáfà. Wọ́n jókòó lọ́hùn-ún, wọ́n ń mu tíì. Tírélà ń fọn fèrè. Mo dìde lọ bá wọn. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, Àǹtí... rárá. Ẹ má bínú ló yẹ kó ṣáájú.